Fèrè Kan, Ojú Méjì: Ohun tí Kóòṣì Ń Wò àti Ohun tí Rẹ́fírì Ń Wò Nínú Básíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn kóòṣì, rẹ́fírì àti olùkọ́ eré ìdárayá ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin rẹ́fírì, ẹ kú ìfaradà, torí ẹ̀yin ni wọ́n ń bú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà ni wọ́n ń bú nígbà tó bá parí. Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí tó kàn yà wá gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ, ẹ káàbọ̀, àga ṣì wà níwájú.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí kóòṣì àti rẹ́fírì ṣe ń wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Mo fura pé ẹni tó pè mí rò pé mo ń bọ̀ wá parí ìjà ni. N kò wá parí ìjà. Ìjà náà kò burú, bí a bá ti mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, láti Aṣerò dé Láfẹ́ńwá, bí fèrè bá ti dún tí kò tẹ́ ẹnìkan lọ́rùn, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu èèyàn ni: "Èló ni wọ́n fún un?"

Mi ò sọ pé irú ẹ̀ ò sí. Ó wà, kódà níbi tí owó oṣù rẹ́fírì ti pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Tim Donaghy tó jẹ́ rẹ́fírì NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, gbà níwájú ilé ẹjọ́ ní 2007 pé òun jẹ̀bi, nítorí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó gbogbo fèrè tí ẹ ti bínú sí láyé yín jọ, mo gbà pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní kọ́bọ̀ nínú. Ohun tó wà nínú wọn ni pé ẹni tó ń pariwo àti ẹni tó fọn fèrè kò wo ibì kan náà. Wọn ò tilẹ̀ lè wo ibì kan náà, torí iṣẹ́ tí a gbé fún wọn kò jọra. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, James Naismith, olùkọ́ eré ìdárayá kan ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, gbé apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso píìṣì kọ́ sókè yàrá ìdárayá, ó sì kọ òfin 13. Nínú òfin yẹn, alákòóso méjì ló yàn. Ó ní kí ọ̀kan máa ṣe adájọ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kó máa ka fáòlù wọn. Ó ní kí èkejì máa ṣe adájọ́ bọ́ọ̀lù: ṣé ó ti jáde, ta ló ni ín, àkókò mélòó ló kù. Ẹ kíyè sí i. Ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ojú kan kò lè wo bọ́ọ̀lù kó tún wo èèyàn.

Kóòṣì wá ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Òfin náà dárúkọ kápútéènì, kò dárúkọ kóòṣì rárá. Ó di ìparí àwọn ọdún 1940 kí òfin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tó gbà pé kí kóòṣì bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà táìmáòtù, ìyẹn ìdúró ṣókí tí ẹgbẹ́ lè bèèrè láàrin eré. Nítorí náà, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ má bínú, ẹ̀yìn lẹ dé. Rẹ́fírì ló ti wà níbẹ̀.

Naismith fúnra rẹ̀ tún lọ ṣe kóòṣì ní Yunifásítì Kansas, láti 1898 sí 1907. Ó borí nínú eré 55, wọ́n sì nà án nínú 60. Nínú gbogbo kóòṣì tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti ní, òun nìkan ni ìgbà tí wọ́n nà án pọ̀ ju ìgbà tó borí lọ. Ẹni tó kọ òfin eré! Ọmọ tó ń ka ìwé òfin lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń borí, ẹni tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń borí lè má mọ òfin.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú pápá. Pápá FIBA, àjọ tó ń darí básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, gùn ní mítà 28, ó fẹ̀ ní mítà 15. Níbi ìdíje ńlá, rẹ́fírì mẹ́ta ló máa ń wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan á dúró ní ìlà ìparí lábẹ́ àwọ̀n, ọ̀kan á máa tọ eré lẹ́yìn, ẹ̀kẹta á wà lápá kejì, ní ọ̀gangan ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Wọ́n pín pápá láàrin ara wọn. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà ní agbègbè rẹ̀ ló ń wo bọ́ọ̀lù àti ẹni tó mú un. Àwọn méjì tó kù ní láti gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù, kí wọ́n wo àwọn tó ń ti ara wọn, tó ń fa ara wọn láṣọ. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ óò rí i pé kò rọrùn. Ojú èèyàn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Rẹ́fírì tuntun, bí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù sókè, orí rẹ̀ á gbé sókè tẹ̀lé e, nǹkan tó sì yẹ kó rí á ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Àní rẹ́fírì tí bọ́ọ̀lù wà níwájú rẹ̀ gan-an, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó kọ́kọ́ wo ẹni tó ń dènà. Ṣé ó ti dúró sí àyè rẹ̀? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ nà sókè gangan, àbí ó ti tẹ̀ ẹ́ síwájú? Wọ́n tún kọ́ ọ pé kó máa sún kiri títí yóò fi rí àlàfo tó wà láàrin ara àwọn méjèèjì. Bí kò bá rí àlàfo yẹn, ẹ̀yìn aṣọ àti nọ́ńbà nìkan ló ń wò, fèrè tó bá sì fọn, àbá ló fi fọn ọ́n. Èyí tó ń tán mi ní sùúrù jù nìyẹn lára àwọn rẹ́fírì wa: kí èèyàn dúró gbagidi sójú kan láti kọ́tà kìíní dé kọ́tà kẹrin.

Kóòṣì kò wo àlàfo kankan. Bọ́ọ̀lù ló ń wò, kó tó sì wo bọ́ọ̀lù, ó ti wo ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù lọ. Ó ti pe eré kan. Ó mọ̀ pé nọ́ńbà 7 yẹ kó gé gba abẹ́ àwọ̀n kọjá, pé nọ́ńbà 10 yẹ kó dúró kó fi ara dí ẹni tó ń lé e. Bí nọ́ńbà 7 kò bá dé ibẹ̀, lójú kóòṣì, a jẹ́ pé ẹnìkan ló dá a dúró. Ó lè má rí ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé ọwọ́ kan wà. Ẹ̀rí tirẹ̀ ni pé ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Rẹ́fírì ò sì lè fọn fèrè sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà òótọ́ ni kóòṣì ń sọ: ọwọ́ kan di ọmọ náà ní ìdí, lẹ́yìn èèyàn mẹ́ta, níbi tí ojú ẹni kankan nínú àwọn tó ní fèrè kò dé.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà rò. Bí FIBA ṣe tò ó ni pé ní ìlàjì àkọ́kọ́, àwọ̀n tó wà nítòsí bẹ́ǹṣì tirẹ ni ẹgbẹ́ rẹ ń dáàbò bò. Ní ìlàjì kejì, ẹ ó pààrọ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí eré ti gbóná, tí gbogbo fáòlù ti ń ṣe pàtàkì, òdìkejì pápá ni àwọn ọmọ rẹ ti ń dènà, ó lé ní mítà 15 sí ibi tí o dúró sí. Rẹ́fírì abẹ́ àwọ̀n lè nawọ́ kan wọn. Síbẹ̀, ibi jíjìn yẹn gan-an ni kóòṣì ti máa ń rí gbogbo nǹkan kedere, títí kan èékánná!

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ọmọ kan ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bọ̀ lábẹ́ àwọ̀n, ọ̀kan dúró dè é, wọ́n kọlu ara wọn, àwọn méjèèjì nà gbalaja. Bẹ́ǹṣì apá ọ̀tún dìde: "Ó dí i lọ́nà!" Bẹ́ǹṣì apá òsì dìde: "Ó kọlù ú!" Gbogbo ilé rí ìṣubú. Òfin kò bèèrè ìṣubú. Ohun tó ń bèèrè ni pé, kí ara tó kan ara, ṣé ẹni tó ń dènà ti kọjú sí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti wà nílẹ̀? Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àyè yẹn ti di tirẹ̀. Ó lè sún sí ẹ̀gbẹ́, ó lè sún sẹ́yìn, kò di dandan kó dúró bí ère. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kọ́ ọmọ pé bí ẹsẹ̀ adènà bá ti mì pẹ́nrẹ́n, òun ló jẹ̀bi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù bá ti fò, ọ̀rọ̀ yí padà. Adènà gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ẹni náà tó fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò lè yọ́ wọ abẹ́ ẹni tó wà lófuurufú. Lábẹ́ àwọ̀n, wọ́n tún fa ìlà kan tó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, mítà 1.25 sí ọ̀gangan àárín irin. Adènà tó bá dúró sínú rẹ̀ kò ní rí fáòlù ìkọlù gbà lára ẹni tó fò wá, àfi bí ẹni náà bá fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe ohun tí kò tọ́.

Nítorí náà, ìdájọ́ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nínú orí rẹ́fírì kí àwọn ọmọ náà tó kọlu ara wọn. Bí kò bá ti máa wo ẹsẹ̀ adènà láti ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn, ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ariwo tó gbọ́ ni yóò fi ṣèdájọ́. Kóòṣì ní tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó mú bọ́ọ̀lù ló ń wò títí tí ọmọ náà fi ṣubú. Bí ẹ bá fi àwọn méjèèjì búra níwájú Ògún, kò ní pa ẹnì kankan, torí òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ nípa ohun tí wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wúwo jù lójú tèmi kì í ṣe ti ibi tí ojú wà. Ti ohun tí fáòlù jẹ́ ni. Lójú kóòṣì, owó ni fáòlù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní márùn-ún, bó bá ná ìkarùn-ún, ó jáde. Ẹgbẹ́ ní mẹ́rin ní kọ́tà kọ̀ọ̀kan. Láti orí ìkarùn-ún, àwọn ọ̀tá ń lọ ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì. Kóòṣì tó mọ iṣẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kó ná an. Ó lè fún ọmọ rẹ̀ ní àṣẹ pé, "Lọ dì í mú, fáòlù ṣì kù fún wa," kò sì ní ìtìjú kankan nínú ẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ tó dára jù bá ti ní mẹ́rin, ó fẹ́ kí rẹ́fírì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọn ìkarùn-ún.

Rẹ́fírì mọ iye tó kù. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n, tábìlì, níbi tí akọ̀wé àti àwọn tó ń wo aago ń jókòó sí, ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìṣirò yẹn wọ inú fèrè. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ni, "Ṣé fáòlù ni?" Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú kóòṣì ni, "Ṣé ìgbà yìí ló yẹ?" Ẹ gbọ́ bí kóòṣì ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní kọ́tà kìíní: "Ẹ̀yin rẹ́fírì, bákan náà ni kí ẹ máa fọn ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin o!" Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì: "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù wọn, ẹ̀ ń ba eré jẹ́!" Ẹnu kan náà ni.

Kí àwọn rẹ́fírì má tíì pàtẹ́wọ́. Ìwé òfin kò ní kí ẹ fọn fèrè sí gbogbo ìfarakanra. Ó ní kí ẹ wò ó bóyá ẹnìkan jàǹfààní nínú ohun tí kò tọ́, kí ẹ má sì máa fi ìfarakanra tí kò ṣe ẹnì kankan ní nǹkan dá eré dúró. Ìyẹn ni pé òfin fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ẹ mọ eré. Ẹni tí kò mọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ ṣe, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n gba àǹfààní lọ́wọ́ rẹ̀? Rẹ́fírì tó ní òun ò nílò láti mọ ọgbọ́n kóòṣì, fèrè rẹ̀ á pọ̀, ìdájọ́ rẹ̀ á kéré.

Ẹ wo D'Tigress wa, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, níbi Òlíńpíìkì Paris ní 2024. Wọ́n na Australia 75 sí 62, wọ́n na Canada 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú básíkẹ́ẹ̀tì Òlíńpíìkì. FIBA sì mú Rena Wakama, kóòṣì wọn, ní kóòṣì tó dára jù nínú ìdíje àwọn obìnrin. Bí wọ́n ṣe gbá a, ẹ rántí: wọ́n ń lé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù láti ìparí pápá dé ìparí pápá, èèyàn méjì á dojú kọ ẹnìkan. Irú eré yẹn, lórí ohun tí rẹ́fírì bá gbà láàyè ló ń gbé. Bí fèrè bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi kọ́tà kan péré kó fáòlù jọ. Bí ó bá rọ̀, ọ̀tá ò ní mí. Kóòṣì tó ń kọ́ irú ìdènà yẹn gbọ́dọ̀ ka rẹ́fírì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ bó ṣe ń ka ẹgbẹ́ kejì, kó sì yí padà kí ó tó pẹ́ jù. Èyí tó ń jókòó pariwo pé "Lánàá wọn ò fọn irú ẹ̀," ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ti rírìn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. FIBA yí òfin rẹ̀ padà ní 2017. Ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù tàbí tó fẹ́ dá títa rẹ̀ dúró nígbà tó ń sáré lọ́wọ́, ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà tó di bọ́ọ̀lù mú kò sí nínú kíkà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ méjì tí òfin gbà á láàyè ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tó gbá bọ́ọ̀lù láyé àtijọ́ ṣì ń ka ẹsẹ̀ yẹn mọ́ ọn, wọ́n á ní ó ti gbé mẹ́ta. Ẹ lọ wo òfin tuntun, ẹ̀yin àgbà wa.

Ibi tí ojú méjì yìí ti pàdé tó sì dá rúgúdù sílẹ̀ jù lọ nínú ìtàn eré náà ni Munich, ní oṣù Kẹsàn-án 1972, àṣekágbá Òlíńpíìkì láàrin Amẹ́ríkà àti Soviet. Ó ku díẹ̀ kí aago 12 òru lù ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láti 1936 tí básíkẹ́ẹ̀tì ti wọ Òlíńpíìkì, ẹnikẹ́ni kò tíì na Amẹ́ríkà rí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, Doug Collins ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì wọlé, Amẹ́ríkà 50, Soviet 49. Bó ṣe fẹ́ ju ìkejì ni fèrè tábìlì dún, ṣùgbọ́n ó jù ú, eré sì ń lọ. Bẹ́ǹṣì Soviet tú jáde: Vladimir Kondrashin, kóòṣì wọn, ní òun ti bèèrè táìmáòtù, wọn ò sì fún òun. Rẹ́fírì ará Brazil, Renato Righetto, dá eré dúró nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nígbà náà ni William Jones, akọ̀wé àgbà FIBA, sọ̀kalẹ̀ wá. Òun kọ́ ló ń darí eré náà o. Ó na ìka mẹ́ta sókè: ẹ dá aago padà sí mẹ́ta. Wọ́n tún un gbá; aago ò tíì padà sí ibi tó yẹ, fèrè ìparí dún, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fò sókè, wọ́n ti gba góòlù. Wọ́n tún ní rárá, ẹ padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ivan Edeshko ju bọ́ọ̀lù láti ìparí pápá dé ìparí pápá, Aleksandr Belov gbé e, ó sì fi í sínú àwọ̀n. 51 sí 50. Righetto kọ̀, kò fọwọ́ sí ìwé èsì. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó gbọ́ ẹjọ́ náà pín sí mẹ́ta àti méjì. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ò gba mẹ́dàlì fàdákà wọn di òní.

Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí á ní òṣèlú ni. Ó lè jẹ́ pé òṣèlú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ òṣèlú kúrò, kí ẹ wo ìdí rẹ̀: kóòṣì rí táìmáòtù tí ó ti bèèrè, rẹ́fírì rí bọ́ọ̀lù tó ti wọ eré, tábìlì tó yẹ kó so àwọn méjèèjì pọ̀ sì dàrú. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù níbẹ̀ ni ti ẹni tó na ìka mẹ́ta, torí òfin eré kò fi aago sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá lè dìde láti àga àlejò wá yí aago padà, iṣẹ́ rẹ́fírì ti parí nìyẹn. Mo ti rí ọ̀gá bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje ilé ẹ̀kọ́ tiwa níbí, ẹ̀yin náà ti rí i.

Èyí gbé mi dé ọ̀ràn kan tí ìwé FIBA kò kọ, tó jẹ́ tiwa gan-an. Rẹ́fírì jẹ́ ọmọ ọdún 23, kóòṣì ti lé ní 60. Kóòṣì yìí ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́ girama. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá gbá a lẹ́yìn: "Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni? Màmá ńkọ́?" Lápá kejì, kóòṣì tó kó ọmọ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde ń wò wọ́n, ọkàn rẹ̀ ti ṣí kúrò níbẹ̀. Títí eré yóò fi parí, gbogbo fèrè tó bá dún, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni yóò máa rí.

Mi ò ní sọ fún ọmọ Yorùbá pé kó má kí àgbà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo rẹ́fírì jọ lọ pọ̀, kí wọ́n kí bẹ́ǹṣì méjèèjì bákan náà, kí ìkíni ilé, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí bàbá rẹ̀ dáadáa, kó lọ kí i nílé lọ́jọ́ Sátidé.

Iṣẹ́ tó le jù sì wà lọ́rùn ẹ̀yin àgbà kóòṣì. Nígbà tí ọmọ yẹn bá wọ aṣọ rẹ́fírì, ẹ má pè é ní "ìwọ ọmọ yìí" létí gbogbo ayé. Bí ẹ bá ń pariwo pé "Ṣé èmi lò ń ṣe báyìí sí?" ẹ ti fi í sínú ìdè: bó bá fún yín ní fáòlù tẹ́kíníkà, ìyẹn fáòlù ìwà tí kò tọ́, ó di aláìmoore, bí kò bá fún yín, ó di ẹni tí wọ́n rà. Fáòlù tẹ́kíníkà kan, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ kan ni fún ọ̀tá yín. Bí ẹ bá fi ìwà tiyín gba méjì, ẹ óò jáde kúrò ní pápá. Mo fẹ́ kí àgbà gbà á lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kó sì dákẹ́. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tó kù tí ẹ lè kọ́ ọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ bá rẹ́fírì sọ̀rọ̀, ẹ bi í ní "Kí lẹ rí?" Ẹ má bi í ní "Ṣé ẹ ò rí i ni?" Ti àkọ́kọ́, yóò dáhùn: "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì sọ̀ nílẹ̀." Ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa kọ́ ọmọ yín lọ́la. Ti èkejì, kò sí ìdáhùn tó ní, ju kó yí ẹ̀yìn padà lọ. Kí rẹ́fírì náà sì dáhùn ní gbólóhùn kan. Àgbà ló ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Rẹ́fírì tí kì í gbọ́ ohunkóhun láti bẹ́ǹṣì kò yàtọ̀ sí i.

NBA ti wá ọ̀nà kan. Láti sáà 2019 sí 2020, kóòṣì lè ní kí wọ́n lọ tún fèrè kan wò lórí fídíò, bí ó bá sì kùnà, táìmáòtù rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí kan: kóòṣì tó ń pariwo ní gbogbo ìgbà wá ní láti yan èyí tó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tó lè fi nǹkan lé e lórí. Ẹ wo bí ariwo ṣe ń yí padà sí ìrònú! Àwa kò ní fídíò lórí pápá sìmẹ́ńtì ilé ẹ̀kọ́ wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, rẹ́fírì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lábẹ́ oòrùn aago méjì, tó ń wo ọmọ mẹ́wàá àti bọ́ọ̀lù. Naismith ní méjì ní 1891! A gba orílẹ̀-èdè lálejò fún Àjọ̀dún Eré Ìdárayá ní ìpínlẹ̀ yìí ní oṣù Karùn-ún 2025, gbogbo pápá ìṣeré Kútọ̀ kún. Ìpínlẹ̀ tó ṣe ìyẹn lè sanwó fún rẹ́fírì kejì níbi ìdíje ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tó ń ṣètò, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ohun tí a lè ṣe láìná kọ́bọ̀ nìyí. Ẹ̀yin kóòṣì, níbi ìgbáradì, ẹ gba fèrè, ẹ dúró ní ìlà ìparí, kí ẹ má sì wo nǹkan kan ju adènà lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ óò rí i pé ẹ kò mọ ẹni tó jù ú wọlé. Ẹ̀yin rẹ́fírì, ẹ lọ síbi ìgbáradì wọn láàrin ọ̀sẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ara dí ọ̀nà fún ara wọn àti ibi tí wọ́n ti ń gé kọjá. Ẹni tó mọ ibi tí eré ń lọ máa ń dé ibẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ìdí aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ti gbogbo ẹgbẹ́, ẹ má lọ sí ti ẹnìkan, kí ẹnikẹ́ni má sì fún yín ní owó mọ́tò.

Mo ti ń gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìyá tó wà lẹ́yìn yẹn, torí òun ló le jù. Wọ́n ní: "Bí rẹ́fírì bá wá ṣi í lóòótọ́, tí gbogbo ilé rí i, kí la máa ṣe?"

Màmá, bó bá jẹ́ ti ojú ni, pé fáòlù ni tàbí kì í ṣe fáòlù, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe. Òfin kò gba ẹ̀hónú lórí rẹ̀. Ohun tó gbà ẹ̀hónú lé lórí ni àṣìṣe tábìlì tí àwọn rẹ́fírì kò tún ṣe: iye góòlù tí wọ́n kọ, aago eré, aago ìṣẹ́jú àáyá 24 tí ẹgbẹ́ ní láti fi ju bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n, àti ẹni tí kò yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù tó lọ gbá a. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni, kí kápútéènì lọ sọ fún olórí rẹ́fírì, kó sì fọwọ́ sí àyè tó wà fún un lórí ìwé èsì, kí ìṣẹ́jú 15 tó kọjá lẹ́yìn tí eré parí. Nítorí náà, dípò kí igbákejì kóòṣì yín máa bá yín pariwo, ẹ fún un ní ìwé àti bírò, kó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ tábìlì, kó máa kọ góòlù, fáòlù àti táìmáòtù bí wọ́n ṣe ń wọlé. Kọ́tà kọ̀ọ̀kan bá parí, kó lọ fi tirẹ̀ wé ti akọ̀wé.